Gẹ̀ẹ́sì Tí Ń Dá Ọmọ Dúró Lẹ́nu Ọ̀nà Yunifásítì

Ẹ̀yin ìyá, ohunkóhun tí ọmọ yín bá fẹ́ lọ kọ́ ní Yunifásítì, ìdánwò JAMB kò ní yọ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ fún un. Ìbéèrè 60 ni ti Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Ẹ̀kọ́ mẹ́ta yòókù, 40, 40 ni. Wákàtí 2 péré sì ni fún gbogbo rẹ̀.

Ọmọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń já geere lẹ́nu rẹ̀ a máa ṣubú níbẹ̀. Ní èdè tiwa, "lọ" ni lónìí, "lọ" náà ni lánàá. Ṣùgbọ́n "go" a di "went". Gẹ̀ẹ́sì a sì máa fi "s" kún ohun tí ó bá ju ẹyọ kan lọ, síbẹ̀ "luggage" kì í gbà á, ìbáà jẹ́ ẹrù mẹ́wàá. Ọmọ ilé kéú ti mọ irú èyí: "kataba", ó ti kọ ọ́, "yaktubu", ó ń kọ ọ́. (Ibẹ̀ ni "wrote" àti "writes" ti kọ́kọ́ yé èmi náà.)

Ẹ ra ìwé kékeré kan fún un. Lálaalẹ́, kí ó kọ ọ̀rọ̀ márùn-ún sí i, kí ó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe gbólóhùn. Ìyá tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá lè bi í pé: "Kí ni ìtumọ̀ èyí ní Yorùbá?" Bí ó bá ń kólòlò, ẹ fàlà sí i nídìí, kí ó tún un kọ lọ́la.