Iṣẹ́ Abẹ Olójú Kékeré fún Iṣan àti Eegun Gìgísẹ̀

Iṣan Achilles ló nípọn jù, òun ló sì lágbára jù nínú gbogbo iṣan tó so ẹran ara mọ́ eegun. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi ẹran ẹ̀yìn ojúgun, ó sì wọlé sára eegun gìgísẹ̀. Ibi tó ti sábà máa ń já kò ju sẹ̀ǹtímítà 2 sí 6 lọ sókè eegun náà, nítorí ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó já fún máa ń bojú wẹ̀yìn, wọ́n á rò pé ẹnì kan ló ta àwọn nípàá. Dókítà á ní kí aláìsàn dojú bolẹ̀, á wá fún ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀. Bí àtẹ́lẹsẹ̀ kò bá mì, ó ṣeé ṣe gan-an kí iṣan ti já. Oògùn ciprofloxacin àti levofloxacin, tí àwọn èèyàn ń rà ní kẹ́mísì bí ẹni ra súìtì, wà lára ohun tó lè fà á, pàápàá fún ẹni tó ti lé ní 60 ọdún.

Ní ti eegun, Patrick Haglund, dókítà ará Sweden, ṣàlàyé ní 1928 bí ẹ̀yìn gìgísẹ̀ ṣe ń yọ kókó. Bàtà líle á máa ha kókó náà, àpò omi kékeré tó wà láàárín eegun àti iṣan á sì wú. Bàtà tí kò ní ẹ̀yìn, tìmùtìmù abẹ́ gìgísẹ̀ àti eré ìdárayá tó ń na iṣan ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń lò fún oṣù mélòó kan. Bí ìyẹn kò bá ran án ni ọ̀rọ̀ abẹ tó ń wáyé.

Awọ ẹ̀yìn gìgísẹ̀ fẹ́lẹ́, egbò ibẹ̀ kì í sì tètè jinná, pàápàá lára ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tàbí tó ń mu sìgá. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà kan fi pa lílà gbọọrọ tì. Ní 1977, Ma àti Griffith ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń gba ojú ihò tíntìntín fi okùn rán iṣan tó já. Fún kókó Haglund, kámẹ́rà á gba ihò kan wọlé, irinṣẹ́ tó ń ha eegun á gba èkejì.

Àmọ́ ojú ihò kì í jẹ́ kí dókítà rí gbogbo ohun tó wà nínú, iṣan ìmọ̀lára kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Norway, tó jáde ní 2022, lórí aláìsàn 526 tí iṣan já fún, iṣan ìmọ̀lára fara pa lára ìdá 5.2 nínú 100 àwọn tí wọ́n gba ojú ihò ṣe fún, àti ìdá 2.8 àwọn tí wọ́n là. Iṣan Achilles tún já fún ìdá 6.2 àwọn tí kò ṣe iṣẹ́ abẹ rárá, ṣùgbọ́n ìdá 0.6 péré ni nínú ọ̀nà abẹ kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, lẹ́yìn ọdún kan, bí ẹsẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ kò yàtọ̀ láàárín ìsọ̀rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tí kò fẹ́ abẹ kò gbọ́dọ̀ tijú láti béèrè ìtọ́jú míì lọ́wọ́ dókítà.

Ihò kékeré kò sọ pé iṣan á tètè jinná. Aláìsàn á ṣì wọ bàtà ìdáàbòbò fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, á sì bá oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì ṣiṣẹ́ fún oṣù púpọ̀. Bí egbò bá ń ṣọyún, tàbí tí ẹ̀yìn ojúgun bá wú tó sì ń ro, kí ó padà sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Bí èémí bá ṣe ségesège tàbí tí àyà ń dùn ún, pàjáwìrì ni, nítorí ẹ̀jẹ̀ dídì lè ti gòkè dé ẹ̀dọ̀fóró.