Yíyan Lẹ́ńsì Àlòkù fún Àwòrán Ohun Tó Ń Sáré

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, "Ojú tó rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran." Òwe yìí kò ṣàjèjì ní ilẹ̀ Yewa, láti Ìlaró títí dé Ayétòrò. Ṣùgbọ́n bí ojú tilẹ̀ rí ìran, kò lè fi í pamọ́ fún ọmọ tí a kò tíì bí. Iṣẹ́ kámẹ́rà nìyẹn. Bí ohun tí à ń wò bá dúró sójú kan nítòsí, kámẹ́rà yòówù lè yà á. Bí ó bá jìnnà, tí ó sì ń sáré, ọwọ́ awò tó wà níwájú kámẹ́rà, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní lẹ́ńsì, ni ọ̀rọ̀ wà.

Nínú ohun gbogbo tó ń sáré, eré ìje ọkọ̀ àti ti alùpùpù wà lára èyí tó le jù lọ láti yà. Eré náà kò ṣàjèjì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní ọjọ́ 26, oṣù Kejìlá, ọdún 1978, ni àwọn ọlọ́kọ̀ àti ọlọ́pùpù kọ́kọ́ gbéra ní Paris láti sáré la aṣálẹ̀ já dé Dakar, olú-ìlú Senegal. Áfíríkà ni wọ́n ti ń sá eré yìí títí di ọdún 2007, kí wọ́n tó gbé e lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà ní 2009, àti sí Saudi Arabia ní 2020. Ní Côte d'Ivoire pẹ̀lú, eré ìje ọkọ̀ kan wà tí a kà mọ́ ti ìdíje àgbáyé láàárín 1978 sí 1992.

Ilẹ̀ Yewa kò lórúkọ nínú eré ìje ọkọ̀. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ wúlò fún olùkọ́ tó fẹ́ ya àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ eré ìdárayá, àti fún akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ ya àwọn ẹlẹ́ṣin níbi Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹni tó bá lè mú alùpùpù tó ń sáré sínú àwòrán, ohun yòókù kò ní ṣòro fún un. Lẹ́ńsì titun tó yẹ fún iṣẹ́ yìí wọ́n kọjá agbára ọ̀pọ̀ olùkọ́. Àlòkù ló kù. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a mọ bí a ti ń yàn án, nítorí ẹni tó bá fi owó tí ó tù jọ fún ọdún kan ra lẹ́ńsì tí kò ríran, kì í rí òmíràn rà bọ̀rọ̀.

1. Gígùn lẹ́ńsì

Mìlímítà ni a fi ń ka gígùn lẹ́ńsì. Lórí kámẹ́rà onífíìmù tí gbogbo ènìyàn mọ̀, lẹ́ńsì 50 máa ń ríran fẹ́rẹ̀ẹ́ bí ojú ti ń ríran. Èyí tó jẹ́ 200 á fa ohun tí à ń wò súnmọ́ ni ìlọ́po mẹ́rin. 300 á fà á súnmọ́ ni ìlọ́po mẹ́fà. Lẹ́ńsì tí wọ́n ń pè ní súùmù ni èyí tí a lè fà gùn tàbí kí a mú kúrú láìyọ ọ́ kúrò lára kámẹ́rà. Èyí tí wọ́n kọ 70–200 sí lára lè jẹ́ 70, ó lè jẹ́ 200, ó sì lè jẹ́ èyíkéyìí láàárín wọn. Àǹfààní ńlá ni fún ẹni tó ń ya alùpùpù: láti òkèèrè ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, yóò sì máa mú un kúrú bí alùpùpù ti ń súnmọ́ ọn.

Kì í ṣe àwòrán nìkan ni gígùn wà fún. Ẹ̀mí ayàwòrán wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọdún 1986, níbi eré ìje ọkọ̀ kan ní ilẹ̀ Pọtogí, ọkọ̀ já kúrò lọ́nà, ó wọ àárín àwọn òǹwòran tó há ojú ọ̀nà mọ́, ó sì gbẹ̀mí. Ẹni tó ní lẹ́ńsì gígùn lè dúró lókèèrè, lẹ́yìn ohun ìdènà, kí ó sì rí ojú awakọ̀. Lẹ́ńsì tó dé 200 tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Bí kámẹ́rà bá jẹ́ irú èyí tí ojú ìgbàwòrán rẹ̀ kéré, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà olówó pọ́ọ́kú ti rí, 200 náà á máa ṣe bí 300.

2. Ẹnu lẹ́ńsì

Níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà nìyí. Wọn á béèrè bí lẹ́ńsì ti gùn tó, wọn kò ní béèrè bí ẹnu rẹ̀ ti fẹ̀ tó. Ẹnu yìí ni ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Nọ́ńbà bíi 2.8, 4 àti 5.6 ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Bí nọ́ńbà bá ti kéré sí ni ẹnu ń fẹ̀ sí. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ẹnu 2.8 wọlé jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin èyí tó ń gba 5.6.

Ẹ jẹ́ kí ìṣirò ṣe àlàyé. Alùpùpù tó ń sá kìlómítà 72 ní wákàtí kan ń rin mítà 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Bí kámẹ́rà bá lajú fún 1/1000 ìṣẹ́jú àáyá, alùpùpù náà kò tíì rìn ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ kí ojú náà tó padé. Bí ó bá lajú fún 1/250, ó ti rin sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ, àwòrán á sì ṣe bàìbàì. Ní ọjọ́ tí ojú ọ̀run ṣú, tí ẹnu 2.8 gba 1/1000, 1/250 ni ẹnu 5.6 máa gbà. Òótọ́ ni pé kámẹ́rà ayé òde òní lè fi kún agbára ìríran rẹ̀ nínú òkùnkùn, ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ jù, àwòrán á rí hóróhóró bí gààrí.

Nítorí náà, 70–200 tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ 2.8 láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin sàn fún iṣẹ́ yìí ju 70–300 tí ẹnu rẹ̀ ń há di 5.6 bí a ti ń fà á gùn. Àléébù rẹ̀ ni pé ó wúwo, bíi kìlógíráàmù kan àtààbọ̀, ó sì wọ́n. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá ká a lè ra èyí tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ 4. Àwọn kan a máa gbójú lé ẹ̀rọ tí ń mú lẹ́ńsì dúró ṣinṣin, èyí tí Canon kọ́kọ́ fi sínú lẹ́ńsì kámẹ́rà rẹ̀ ní 1995. Ó dára, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń gbọ̀n ló ń wò sàn. Kò lè dá alùpùpù dúró.

3. Bí lẹ́ńsì ti bá kámẹ́rà mu

Gbogbo lẹ́ńsì kọ́ ló bá gbogbo kámẹ́rà mu. Ní 1987 ni Canon yí ọrùn kámẹ́rà rẹ̀ padà. Lẹ́ńsì FD tó ti wà ṣáájú kò wọ èyí tó dé lẹ́yìn rẹ̀. Nikon kò yí ọrùn tirẹ̀ padà láti 1959 fún ọ̀pọ̀ ọdún, síbẹ̀ ọ̀fìn kan wà níbẹ̀. Inú kámẹ́rà ni ẹ̀rọ tó ń darí àwọn lẹ́ńsì rẹ̀ àtijọ́ kan wà, àwọn kámẹ́rà rẹ̀ olówó pọ́ọ́kú, bíi D3000 àti D5000, kò sì ní ẹ̀rọ náà. Lẹ́ńsì á wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni ayàwòrán yóò máa fi yí i kí àwòrán tó ṣe kedere. Alùpùpù kò ní dúró dè é.

4. Yíyẹ lẹ́ńsì wò

Ará Yewa mọ ọjà tòkunbọ̀, nítorí ẹnu ibodè ni wọ́n ń gbé. Ẹni tó ń ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ kì í wo ọ̀dà ara rẹ̀ nìkan. Á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á sì gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì. Bákan náà ni ti lẹ́ńsì. Ìwà lẹwà. Ara tó há kò ba àwòrán jẹ́, ṣùgbọ́n awò tó ṣàìsàn á bà á jẹ́.

Àkọ́kọ́, kí olùrà ṣí ẹnu lẹ́ńsì sílẹ̀ tán, kí ó tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀yìn, kí ó sì wò ó láti iwájú. Bí ó bá rí ohun funfun tó ta bí òwú aláǹtakùn, lẹ́ńsì náà ti bu nìyẹn. Ọ̀rinrin ló ń fa èyí, ilẹ̀ wa sì kún fún ọ̀rinrin lásìkò òjò. Kí ó fi í sílẹ̀. Eruku díẹ̀ kò ṣe nǹkan. Ìbó kékeré níwájú kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan. Èyí tó wà lẹ́yìn ló léwu jù.

Èkejì, kí ó wo àwọn ìdè kéékèèké ara rẹ̀. Bí orí wọn bá ti jẹ, ẹnìkan ti tú lẹ́ńsì náà rí.

Ẹ̀kẹta, kí ó gbé kámẹ́rà tirẹ̀ dání lọ. Kí ó fi ẹnu tó fẹ̀ jù lọ ya ògiri bíríkì tàbí ìwé ìròyìn tí a tẹ́ sára ògiri, ní 70, ní 135 àti ní 200. Bí igun kan bá mọ́, tí èkejì ṣe bàìbàì, ó ṣeé ṣe kí lẹ́ńsì náà ti ṣubú rí.

Ẹ̀kẹrin, kí ó jáde sí ẹ̀bá títì, kí ó ya ọlọ́kadà tó ń bọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá, kí ó sì ka iye tó mọ́. Bí ọlọ́jà bá kọ̀ fún un láti ṣe gbogbo èyí, kí ó kó owó rẹ̀ padà sílé. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

5. Lílò àti ìtọ́jú

Kì í ṣe ìgbà gbogbo ni a ń lo 1/1000. Alùpùpù tí táyà rẹ̀ dúró gbagidi nínú àwòrán a máa dà bí èyí tí wọ́n gbé kalẹ̀. Ayàwòrán tó gbọ́n á mú un wálẹ̀ sí 1/125, á máa yí ìbàdí rẹ̀ tẹ̀lé alùpùpù náà bí ó ti ń kọjá, á sì tẹ kámẹ́rà láìdáwọ́ yíyí dúró. Ọlọ́pùpù á mọ́, táyà á máa yí, igbó ẹ̀yìn rẹ̀ á di ìlà. Ìdánrawò ló ń mú èyí wá.

Àpò aláwọ kì í ṣe ibi ìpamọ́ fún lẹ́ńsì, nítorí a máa fa ọ̀rinrin mọ́ra. Àpótí oníke tó ní ìdérí tó há dára jù, pẹ̀lú àwọn hóró tí ń fa omi tí wọ́n máa ń fi sínú páálí bàtà titun. Kí a sì máa lò ó déédéé. Lẹ́ńsì tí kì í rí ìmọ́lẹ̀ ló ń tètè bu.

Níkẹyìn, ilé ẹ̀kọ́ tí owó olùkọ́ kan kò tó lè dá owó jọ ra ẹyọ kan fún ìlò gbogbo wọn. Èrè rẹ̀ kò mọ sí orí pápá eré. Ní 2001 ni UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ogún ìran ènìyàn, tí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ogún náà ní 2008 fún Benin, Nàìjíríà àti Togo. Ìwé tí Henry John Drewal àti Margaret Thompson Drewal ṣe lórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 1983 fi hàn bí àwòrán ti níye lórí tó. Àlejò ni wọ́n. Ó yẹ kí àwọn ọmọ onílé náà lè dúró lẹ́yìn agbo, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gba àyè lọ́wọ́ àwọn àgbà, kí wọ́n fi lẹ́ńsì tó ríran ya ẹsẹ̀ ijó tí kò ní padà wá mọ́.