Ọ́fíìsì Yíyá ní Ìlú Winterthur

Ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í sì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ilé tí ó mú owó wá fún baba lè di ẹrù sí ọmọ lọ́rùn. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ilé yíyá rí ní Winterthur, ìlú kan ní orílẹ̀-èdè Swítsàlandì tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ lé ní 110,000. Ìlú ńlá Zürich ni aládùúgbò rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin kì í sì í pẹ́ tó ìdajì wákàtí láti ọ̀kan dé èkejì.

Ní àtijọ́, iṣẹ́ irin ni a fi mọ Winterthur. Ní 1834 ni ìdílé Sulzer dá ilé iṣẹ́ ìyọ́rin sílẹ̀ níbẹ̀. Ní 1871 a sì dá òmíràn sílẹ̀ tí ń ṣe ẹ̀rọ tí ń fa ọkọ̀ ojú irin. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún ń parí lọ, iṣẹ́ yìí rẹ̀yìn, àwọn gbọ̀ngàn ńláńlá sì ṣófo. Ṣùgbọ́n a kò wó gbogbo wọn. A sọ òmíràn di ilé ẹ̀kọ́ gíga, òmíràn di ilé gbígbé, òmíràn di ọ́fíìsì. Ní 2015, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ìlú, tí ọ́fíìsì wọn ti wà káàkiri, kó jọ sí ilé titun kan ní àgbègbè náà.

Báwo ni a ṣe ń ṣírò owó ọ́fíìsì níbẹ̀? Kì í ṣe iye yàrá ni a ń kà, bí kò ṣe bí ilẹ̀ inú ilé ti fẹ̀ tó. Bí mítà onígun mẹ́rin kan bá jẹ́ 200 fránkì lọ́dún, ọ́fíìsì tí ó ní 100 irú rẹ̀ yóò jẹ́ 20,000 fránkì. Bí onílé bá fẹ́ kí owó náà máa bá ọ̀wọ́n ọjà gòkè, òfin ní kí àdéhùn wọn tó ọdún márùn-ún, ó kéré tán. Èyí dára fún ayálégbé, nítorí a kò lè ṣàdédé lé e jáde. Ṣùgbọ́n bí ó bá fọwọ́ sí ọdún márùn-ún, tí ọjà rẹ̀ kùtà ní ọdún kejì, gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀, àfi bí ó bá rí ẹlòmíràn tí ó lè san owó náà, tí ó sì gbà láti rọ́pò rẹ̀.

Ní 2020 ni àrùn kòrónà dé. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, ìjọba pàṣẹ pé kí gbogbo ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá gbà bẹ́ẹ̀ máa ṣe é nílé. Àṣẹ náà ti kásẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n àṣà náà kò tán. Òṣìṣẹ́ tí ó ń lọ sí ọ́fíìsì lójoojúmọ́ tẹ́lẹ̀ lè máa lọ ní ọjọ́ mẹ́ta péré. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń wá ọ́fíìsì tí kò tóbi púpọ̀, ṣùgbọ́n tí ó dára, tí ó sì súnmọ́ ibùdókọ̀ ojú irin. Ẹni tí ó ní irú rẹ̀ kì í wá ayálégbé tì. Ẹni tí ilé rẹ̀ ti gbó, tí ó sì jìnnà, ni ó ń dín owó kù.

Kí ni onílé bẹ́ẹ̀ yóò ṣe? Winterthur fúnra rẹ̀ ti dáhùn. Bí onígbàǹjo bá kọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ọjà a tú. Ṣùgbọ́n bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fín igbá mọ́, èyí tí ó ti fín kò lè parun. Àwọn arọ́rin ti lọ, gbọ̀ngàn wọn ṣì ń mú owó wọlé, nítorí pé a wá iṣẹ́ titun fún un.