Ọkọ̀ Tí Ìwé Rẹ̀ Ti Kú: Bí A Ṣe Lè Dá A Padà Sí Ojú Títì



Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, mo lọ yẹ ìwé owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan wò ní agbègbè Ìjàn-Èkìtì. Nínú ìwé tí wọ́n kọ àwọn ohun-ìní ẹgbẹ́ sí, mo rí i báyìí pé: “Ọkọ̀ akẹ́rù Peugeot 504, ẹyọ kan.” Mo béèrè ibi tí ọkọ̀ náà wà. Akọ̀wé, tí kò tíì pé ẹni ogójì ọdún, wo ojú alága. Alága wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú mi lọ sí ẹ̀yìn sítọ́ọ̀ kòkó àtijọ́. Ọkọ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Adìyẹ ti sọ ibi ìkẹ́rù rẹ̀ di ibùsùn, koríko sì ti bo táyà rẹ̀ mọ́lẹ̀. Láísẹ́ǹsì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú ti ṣá, ṣùgbọ́n a ṣì lè ka ọdún tí ó wà lára rẹ̀: 1989.

Àwọn àgbà ẹgbẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún mi. Owó ẹgbẹ́ ni wọ́n fi rà á ní 1983, kí ó lè máa kó kòkó láti oko wá sí sítọ́ọ̀, àti láti sítọ́ọ̀ lọ sí Adó. Ní 1986 ìjọba àpapọ̀ tú àwọn ìgbìmọ̀ tí ń ra irè oko ká, ti kòkó sì wà lára wọn. Àwọn oníṣòwò aládàáni bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bá àgbẹ̀ nínú oko, kòkó tí ń wọ sítọ́ọ̀ ẹgbẹ́ dín kù, ọkọ̀ kò sì rí ẹrù gbé mọ́. Nígbà tí ó wá bàjẹ́, tí owó àtúnṣe rẹ̀ ju ohun tí ó wà nínú àpò lọ, wọ́n tì í sí ẹ̀yìn ilé, wọ́n ní fún ìgbà díẹ̀ ni. Ìgbà díẹ̀ náà ti lé ní 30 ọdún.

Ohun tí ó gbé ọ̀rọ̀ yìí dìde ni pé ẹnì kan tí ń ra irin àlòkù ti wá wò ó, ó sì ti dá iye lé e. Apá kan nínú ìgbìmọ̀ fẹ́ kí wọ́n gbé e fún un. Apá kejì ní mẹkáníìkì ti wo ṣáṣì rẹ̀, kò jẹrà, àti pé owó tí ẹgbẹ́ ń san fún ọlọ́kọ̀ láti gbé gàrí àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ sí Adó àti Ìkẹ́rẹ́ kì í ṣe kékeré. Ìbéèrè tí gbogbo wọn wá kọjú rẹ̀ sí mi ni pé: “Ọ̀gá alábẹ̀wò, ṣé ìjọba á tún gba ọkọ̀ yìí wọlé?” Mo ní kí wọ́n fún mi láàyè kí n lọ ṣe ìwádìí. Àbọ̀ ìwádìí náà ni mo kọ síhìn-ín, nítorí pé kì í ṣe ẹgbẹ́ yìí nìkan ni ó kàn. Láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìsẹ̀ àti Èmùré, ẹ lè rí Volkswagen tàbí Datsun bàbá ẹnì kan tí ó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò.

Ohun méjì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dà pọ̀ mọ́ ara wọn: ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀, àti láísẹ́ǹsì ọdọọdún. Ẹ fi wé ẹgbẹ́ wa. Nígbà tí ènìyàn bá wọ ẹgbẹ́, a ó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ńlá, orúkọ náà á sì wà níbẹ̀ títí a ó fi pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n owó oṣooṣù wà tí ó ní láti máa dá. Bí kò bá dá a, ọmọ ẹgbẹ́ ṣì ni, àmọ́ kò gbọdọ̀ wá yá owó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni láísẹ́ǹsì rí. Oṣù 12 péré ni ó ń lò, àṣẹ pé kí ọkọ̀ rìn lójú títì ni. Ìforúkọsílẹ̀ ni ó sọ pé ọkọ̀ yìí, tí nọ́ńbà ṣáṣì rẹ̀ jẹ́ báyìí, ti lágbájá ni. Láísẹ́ǹsì lè kú ní ìgbà ogún, kò sọ pé ọkọ̀ kì í ṣe ti olówó rẹ̀ mọ́.

Bí ó bá ṣe pé ọdún méjì tàbí mẹ́ta ni láísẹ́ǹsì ti kú, tí nọ́ńbà ara ọkọ̀ sì jẹ́ èyí tí a ń lò lónìí, kí a sọ ìwé dọ̀tun náà ni. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ó ti ń sùn láti 1989 ti sùn kọjá àyípadà mẹ́ta. Ní 1992 ni nọ́ńbà onírú kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà lábẹ́ Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, èyí tí a mọ̀ sí FRSC: lẹ́tà méjì, òǹkà mẹ́ta, àti lẹ́tà mẹ́ta tí ń tọ́ka sí ìjọba ìbílẹ̀. Nọ́ńbà tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń fúnni ṣáájú ìgbà náà ti lọ nìyẹn. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 1996 ni a dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀. Ọkọ̀ tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Adó tàbí Ìkẹ́rẹ́ ṣáájú ọjọ́ náà, ọmọ Ìpínlẹ̀ Ondó ni nínú ìwé. Ní 2011, FRSC tún yí nọ́ńbà padà, lẹ́tà ìjọba ìbílẹ̀ wá bọ́ síwájú. Ọjọ́ tí wọ́n dá pé gbogbo ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ti gba tuntun yẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, bí ẹ ti rántí.

Nítorí náà, a kò lè sọ nọ́ńbà 1989 dọ̀tun. Ìforúkọsílẹ̀ tuntun ni ọkọ̀ náà ní láti gbà. Ẹ má ṣe tìtorí èyí ju páálí nọ́ńbà àtijọ́ tàbí ìwé pélébé àtijọ́ nù o! Ìwé tí ó ti kú yẹn ni ẹlẹ́rìí yín. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń kó ìwé ọkọ̀ gbogbo lọ sínú kọ̀ǹpútà ní ìlú Swansea, wọ́n ti ìlẹ̀kùn ní 1983. Ẹni tí kò mú ìwé ọkọ̀ rẹ̀ wá kí ó tó di ìgbà náà, nọ́ńbà rẹ̀ bọ́ kúrò nínú àkọsílẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ padà níbẹ̀, ìwé àtijọ́ tí ó so ọkọ̀ pọ̀ mọ́ nọ́ńbà náà ni wọn yóò kọ́kọ́ bi í. Láti 1998 ni wọ́n sì ti ṣòfin pé ẹni tí ó bá gbé ọkọ̀ kúrò lójú títì ní láti kọ̀wé sọ fún ìjọba.

Ibi tí ọ̀ràn ti wá le ni orúkọ. Nígbà tí mo ṣí ìwé ọkọ̀ ẹgbẹ́ náà, orúkọ tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti ẹgbẹ́. Orúkọ akápò ìgbà náà ni, ẹni tí ó ti di olóògbé. Mo béèrè ìdí. Bàbá àgbàlagbà kan dá mi lóhùn pé: “Ọmọ mi, òun ni ó mọ̀wé, òun ni ó lọ ṣe é. A kò ro ibi sí i.” Òtítọ́ ni, kò sí ibi nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ olóògbé ti gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ta ọkọ̀, wọ́n sì ti ránṣẹ́ pé ọkọ̀ bàbá àwọn ni. Èmi kò bá wọn wí. Láti kékeré ni wọ́n ti ń rí bàbá wọn nídìí rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni ó sì wà nínú ìwé.

Ohun tí ó yanjú rẹ̀ ni ìwé ìpàdé. A wá ìwé ìpàdé 1983 jáde láti ìsàlẹ̀ àpótí, ikán ti jẹ etí rẹ̀. A rí ìpinnu tí ìgbìmọ̀ ṣe láti ra ọkọ̀, a rí i nínú ìwé owó pé owó jáde lọ́jọ́ báyìí, a sì rí rìsíìtì ẹni tí ó tà á, èyí tí ó kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí lẹ́yìn orúkọ akápò. Àyẹ̀wò owó ọdún kọ̀ọ̀kan tún ka ọkọ̀ náà mọ́ ohun-ìní ẹgbẹ́. A pe ìdílé, a ka gbogbo rẹ̀ sí wọn létí. Dáwódù wọn gbà lọ́jọ́ náà. Síbẹ̀, ẹnu nìkan kò tó. Ohun tí ó wà lórúkọ òkú, ẹni tí ilé-ẹjọ́ gíga bá fún ní ìwé àṣẹ láti ṣàkóso ohun-ìní olóògbé ni ó lè fọwọ́ sí i pé kí ó kúrò lórúkọ rẹ̀. Orí bá wa ṣe é, dáwódù ti gba ìwé náà tẹ́lẹ̀ nítorí ilé bàbá wọn. Ká ní kò rí bẹ́ẹ̀ ni, a bá ṣì máa lọ máa bọ̀ ní Adó títí di òní.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ẹ fi etí sí èyí dáadáa. Òfin Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù ti Nàìjíríà, nọ́ńbà 90 ti 1993, sọ pé ẹgbẹ́ tí a bá ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ dá dúró gẹ́gẹ́ bí ènìyàn lójú òfin. Ó lè ní ohun-ìní lórúkọ ara rẹ̀, ó lè pe ẹjọ́, a sì lè pè é lẹ́jọ́. Akápò lè kú, alága lè kú, ẹgbẹ́ wà síbẹ̀. Kí ló wá dé tí a ó fi ra ọkọ̀, ẹ̀rọ gàrí tàbí ilẹ̀ lórúkọ ẹnì kan? Mo ti rí irú rẹ̀ ní ẹgbẹ́ tí ó ju mẹ́ta lọ.

Bí ìwé ìní bá ti dúró, ohun tí ó kù kò le púpọ̀. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fọ ìdọ̀tí kúrò, kí ẹ ka nọ́ńbà ṣáṣì àti ti ẹ́ńjìnnì, kí ẹ fi wọ́n wé ti inú ìwé. Nọ́ńbà ṣáṣì gbọ́dọ̀ bára mu. Bí ìpẹtà bá bò ó, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi fáìlì há a tàbí kí ó tún un lù, nítorí ọ̀ràn ńlá ni. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọlọ́pàá tí ń yẹ ọkọ̀ wò fi ojú ara wọn rí i bí ó ti rí. Ní ti ẹ́ńjìnnì, ó lè yàtọ̀ bí ẹ bá ti fi tòkunbọ̀ pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ní láti mú rìsíìtì rẹ̀ dání pẹ̀lú ìwé ìbúra láti kóòtù. Bí ìwé ọkọ̀ bá ti sọnù pátápátá, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni ẹ ó kọ́kọ́ lọ láti jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó sọnù, lẹ́yìn náà ni ẹ ó lọ búra. Àwọn ọlọ́pàá yóò tún wò ó bóyá kì í ṣe ọkọ̀ tí ẹnì kan ń wá.

Lẹ́yìn èyí ni mẹkáníìkì ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn, kì í ṣe ṣáájú. Mo mọ ẹni tí ó ná owó rẹpẹtẹ sórí ọkọ̀ kan tán kí ó tó mọ̀ pé ọkọ̀ náà wà lẹ́nu ẹjọ́. Àwọn VIO ni yóò yẹ ọkọ̀ wò bóyá ó yẹ lójú títì: bíréèkì, iná, táyà, wáípà, ìdarí ọkọ̀, àti ilẹ̀ ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Táyà tí ó ti dúró 30 ọdún, kódà bí ojú rẹ̀ ṣì dára, ẹ sọ ọ́ nù. Rọ́bà tí ó ti gbẹ máa ń bẹ́ lórí eré ni. Ẹ sì má ṣe wa ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ VIO fúnra yín, torí kò tíì ní àṣẹ láti rìn. Ẹ háyà ọkọ̀ tí yóò gbé e.

Kí ẹ tó gba nọ́ńbà, ẹ gbọ́dọ̀ ní ìwé adójútòfò, ó kéré tán èyí tí ó wà fún ẹni tí ọkọ̀ yín bá pa lára tàbí tí ó bá ba nǹkan rẹ̀ jẹ́. Láti 1945 ni òfin rẹ̀ ti wà. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2023 ni owó rẹ̀ ti kúrò ní ₦5,000 sí ₦15,000 fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ènìyàn ń lò fúnra rẹ̀; wọ́n dá ₦20,000 lé ọkọ̀ tí ń gbé ẹrù olówó rẹ̀ nìkan, àti ₦100,000 lé ọkọ̀ tí ń gba owó gbé ẹrù kiri. Nítorí náà kí ìpàdé yín pinnu kí ẹ tó lọ: ṣé ẹrù ẹgbẹ́ nìkan ni ọkọ̀ yóò máa gbé, àbí yóò máa gba owó lọ́wọ́ ará ìta? Bí ó bá jẹ́ ti owó gbígbà, nọ́ńbà aláwọ̀ pupa ni yóò gbà dípò aláwọ̀ búlúù.

Nígbà náà ni ẹ tó lè kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì tí ń fúnni ní láísẹ́ǹsì ọkọ̀, lábẹ́ ilé iṣẹ́ owó-orí ìpínlẹ̀. Ẹ mú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ẹgbẹ́, ìpinnu ìpàdé tí a fọwọ́ sí, òǹtẹ̀ ẹgbẹ́, àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹni tí ó ṣojú ẹgbẹ́. Ẹ ní kí wọ́n kọ gbogbo owó tí ẹ ó san sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó san án, ẹ sì san án sí báńkì.

Ẹ má dá àwọn tí ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì lóhùn. Mo ń sọ ohun tí ó ṣe mí ni. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní polí, mo ra Datsun àlòkù kan tí ìwé rẹ̀ ti kú fún ọdún mẹ́fà. Ọkùnrin kan ní òun á bá mi ṣe é tán ní ọjọ́ kan ṣoṣo, n kò ní rí ojú VIO rárá. Ó mú ìwé wá lóòótọ́, ó ń dán. Oṣù kẹta ni wọ́n dá mi dúró lójú ọ̀nà, wọ́n yẹ ìwé náà wò, kò sí nínú àkọsílẹ̀ kankan. Mo san owó lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fi ẹsẹ̀ rìn fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ní ti ẹgbẹ́ Ìjàn, wọ́n ti dá ẹni tí ń ra irin lóhùn pé àwọn kò tà. Àtúnṣe àti ìwé rẹ̀ yóò gbà ju iye tí onírin náà fẹ́ san lọ dáadáa, mi ò fi pamọ́ fún wọn, mo sì sọ fún wọn pé ká ní ṣáṣì rẹ̀ ti jẹrà ni, èmi gan-an ni ǹ bá ní kí wọ́n tà á. Ìpàdé dìbò, àwọn tí ó fẹ́ kí ọkọ̀ padà sójú títì fi ènìyàn mẹ́rin borí. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ kẹ́yìn, wọ́n ti lé adìyẹ kúrò, dáwódù olóògbé ti fọwọ́ sí ìwé, mẹkáníìkì sì ti tú bíréèkì rẹ̀ sílẹ̀ lórí àpò.