Ṣé O Mọ̀? Ohun Ìyanu Tó Wà Nídìí Ríìmù Ọkọ̀ Tí A Tún Kùn

Bí ara ọkọ̀ tòkúnbọ̀ bá tiẹ̀ ń dán, ríìmù ní í tú àṣírí ọjọ́ orí rẹ̀. Ọ̀dà á ti bó níbì kan, etí rẹ̀ á ti họ lára kọnkéré ẹ̀gbẹ́ títì, ibòmíràn á ti hu funfun. Ọ̀pọ̀ wa rò pé kí a sáà wá ọ̀dà fín sí i ni. Iṣẹ́ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìtàn, ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ àti ọgbọ́n ọwọ́ ló pàdé níbẹ̀, ohun tí a sì ṣe kí ọ̀dà tó kan ríìmù ló ń pinnu bí ọ̀dà náà yóò ṣe pẹ́ tó. Gba díẹ̀ yẹ̀ wò.

Ṣé o mọ̀ pé ìgbà kan wà tí alumíníọ̀mù, tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ríìmù òde òní, jẹ́ ohun olówó iyebíye? Ní oṣù Kejìlá ọdún 1884, nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń parí ọwọ̀n ìrántí George Washington, alumíníọ̀mù ni wọ́n fi dé e lórí, torí pé owó rẹ̀ àti owó fàdákà kò jìnnà síra nígbà náà. Ní 1886, Charles Martin Hall ní Amẹ́ríkà àti Paul Héroult ní ilẹ̀ Faransé rí ọgbọ́n kan náà tí a fi ń lo iná mànàmáná láti yọ ọ́ jáde, láìjẹ́ pé ọ̀kan mọ̀ sí iṣẹ́ èkejì. Ọdún 1863 ni wọ́n bí àwọn méjèèjì, ọdún 1914 sì ni àwọn méjèèjì kú. Ọgbọ́n wọn ló já owó alumíníọ̀mù wálẹ̀, tó fi di ohun tí a ń rí ní ilé ìdáná, lára fèrèsé àti lẹ́sẹ̀ ọkọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ọkọ̀ eré ìje ló sọ ríìmù alumíníọ̀mù di olókìkí? Ní 1924, níbi ìdíje Grand Prix ilẹ̀ Faransé tó wáyé ní Lyon, Ettore Bugatti gbé ọkọ̀ Type 35 jáde. Apá pẹlẹbẹ mẹ́jọ ni ríìmù rẹ̀ ní, wọ́n sì da ìlù bíréèkì pọ̀ mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ní àsìkò yẹn, igi ṣì ni ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Ford Model T tó ń rìn káàkiri ayé.

Ṣé o mọ̀ pé bí o bá fi sáńpépà ha alumíníọ̀mù títí tó fi ń dán, awọ tuntun á ti bò ó kí o tó nu ọwọ́ rẹ tán? Afẹ́fẹ́ àti alumíníọ̀mù ló ń para pọ̀ di awọ náà. Ó fẹ́lẹ́ débi pé ojú kò lè rí i, òun ló sì ń dáàbò bò ó tí kì í fi í dípẹtà bí irin. Àmọ́ awọ yìí kan náà ni kì í jẹ́ kí ọ̀dà lásán dì í mú. Ìdí nìyí tí péńtà tó mọṣẹ́ fi máa ń kọ́kọ́ fín púráímà tí wọ́n ṣe fún alumíníọ̀mù, irú èyí tí ásíìdì díẹ̀ wà nínú rẹ̀ láti jẹ ojú ríìmù wọlé. Ẹni tó bá fo ìyẹn, ọ̀dà rẹ̀ á máa ṣí ní pélébé-pélébé láìpẹ́ ọjọ́.

Ṣé o mọ̀ pé alumíníọ̀mù náà ń jẹrà, àmọ́ ìpẹtà tirẹ̀ kì í pọ́n? Lẹ́búlẹ́bú funfun ni. Iyọ̀ ló sábà máa ń dá a sílẹ̀. Nítorí náà, ríìmù ọkọ̀ tó ń gbé etí òkun, láti Badagry dé Lẹ́kì, àti ti ọkọ̀ tó wá láti ìlú tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sí títì nígbà yìnyín, ń fẹ́ àmójútó. Ojú ibi kékeré tí òkúta ta bá ni iyọ̀ ń gbà wọlé, yóò sì máa rìn lọ lábẹ́ kílíà, ọ̀dà aláìláwọ̀ tó bò ó lókè, ní ìlà tín-ín-rín. Irin tí fọkanáísà ń kàn mọ́ etí ríìmù nígbà tó bá ń ṣe bálánsì náà lè ha kílíà, kó sì ṣílẹ̀kùn fún un. Èyí tí a ń lẹ̀ mọ́ inú ríìmù sàn jù. Bí o bá fín ọ̀dà tuntun lé ibi tó ń jẹrà lórí láìha á dénú, ìjẹrà náà á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ lábẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé omi lásán lè sọ fún ọ bóyá ríìmù ti ṣe tán láti gba ọ̀dà? Kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí o sì fi ohun tó ń pa ọ̀rá nù ún kí sáńpépà tó kàn án. Bí o bá ha á pẹ̀lú ọ̀rá, ńṣe lò ń ki ọ̀rá náà bọ ojú ibi tí o ha. Lẹ́yìn náà, bẹ̀rẹ̀ láti orí sáńpépà tó le. Bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i ló ṣe ń kúnná sí i: 80 ń gé etí tó họ, 240 tàbí 320 ń pa ojú ọgbẹ́ tí 80 dá rẹ́, 400 sí 600 ń múra sílẹ̀ fún púráímà. Má fo láti 80 bọ́ sí 600, ibi tí 80 ha jinlẹ̀ á yọjú lábẹ́ ọ̀dà lẹ́yìn tó bá gbẹ. Nígbà tó bá kúnná tán, da omi tó mọ́ sí i lójú. Bí omi bá tẹ́ rẹrẹ, tó bo gbogbo ojú rẹ̀, ó ti mọ́. Bí omi bá ṣù jọ ní kóókó, ọ̀rá ṣì wà níbẹ̀; padà lọ fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn èyí, má fi ọwọ́ lásán kàn án mọ́, torí òógùn àtẹ́lẹwọ́ nìkan tó láti ba ibi tó ti mọ́ jẹ́. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé sáńpépà tí a ń rì bọ omi àti téèpù tí a ń lẹ̀ mọ́ etí ibi tí a kò fẹ́ kí ọ̀dà dé, ilé iṣẹ́ kan náà ló gbé wọn jáde? 3M ní ìpínlẹ̀ Minnesota ni. Ní 1921 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta sáńpépà olómi, láti inú ọgbọ́n Francis Okie tó ń ṣe íǹkì ní Philadelphia. Omi kì í jẹ́ kí ekuru fò, èyí sì ṣe pàtàkì gan-an nígbà tí òjé ṣì pọ̀ nínú ọ̀dà. Sáńpépà yìí ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Richard Drew ń gbé kiri ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kun ọkọ̀ tó fi rí wàhálà wọn. Ọkọ̀ aláwọ̀ méjì ló lòde, bí wọ́n bá sì ti ń ṣí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, ọ̀dà tuntun á bá a lọ. Drew lọ jókòó tì í, nígbà tó sì di 1925, téèpù tó ń lẹ̀ ṣùgbọ́n tí kì í ṣí ọ̀dà dóde. Òun náà ló wà lọ́wọ́ péńtà ní Mushin lónìí.

Ṣé o mọ̀ pé nítorí ọ̀dà alumíníọ̀mù ni wọ́n ṣe ṣe agolo ọ̀dà tí a ń fi ìka tẹ̀? Edward Seymour ní ìlú Sycamore, ní Illinois, ń wá ọ̀nà tó lè gbà fi ọ̀dà alumíníọ̀mù rẹ̀ han àwọn oníbàárà. Ìyàwó rẹ̀, Bonnie, ló dábàá pé kó rọ ọ̀dà náà sínú agolo bíi ti òórùn dídùn tí wọ́n ń fín sí yàrá. Ọdún 1949 nìyẹn. Agolo tó bẹ̀rẹ̀ báyẹn ti wá di irinṣẹ́ ẹnikẹ́ni tó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kun ríìmù lẹ́yìnkùlé. Bọ́ọ̀lù kékeré tó ń ró gbọ̀ngbọ̀n nínú rẹ̀ wà fún ríro ọ̀dà pọ̀. Mì í dáadáa, torí àwọ̀ ti sùn sí ìsàlẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀dà tí a ń pè ní sílífà kò ní fàdákà kankan nínú? Èépá alumíníọ̀mù kéékèèké ló ń tàn nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó kun ríìmù alumíníọ̀mù ní sílífà, alumíníọ̀mù ló tún fi bo alumíníọ̀mù. Bí èépá wọ̀nyẹn bá ṣe tẹ́ sílẹ̀ ló ń sọ bí àwọ̀ yóò ṣe rí: bí o bá fín in nípọn jù lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á ṣù sójú kan, ríìmù á sì ní àbàwọ́n. Fín in fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, jẹ́ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, kí o tó tún fín òmíràn.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀dà kan wà tí kò ní omi rárá? Lẹ́búlẹ́bú ni. Nígbà ọyẹ́, ọmọ ilé ìwé á fi bíró ra irun orí, bíró náà á sì máa fa bébà wẹ́wẹ́ mọ́ra. Agbára yẹn náà ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ìbọn tí wọ́n fi ń fín in á fi iná mànàmáná sára ọ̀dà náà, wọ́n á so ríìmù mọ́ wáyà tó lọ sílẹ̀, ọ̀dà á sì fúnra rẹ̀ fò lọ lẹ̀ mọ́ ọn, títí kan ẹ̀yìn rẹ̀. Èyí tó bá jábọ́ ṣeé kó padà lò. Lẹ́yìn náà, ó di inú ààrò, ní nǹkan bí 180 sí 200 ìwọ̀n Celsius fún ìṣẹ́jú 10 sí 20, kó lè yọ́, kó sì di awọ kan ṣoṣo. Ó le ju ọ̀dà olómi lọ, kò sì nílò tínnà.

Ṣé o mọ̀ pé alumíníọ̀mù lè yọ́ láìkọ́kọ́ pọ́n? Irin á pọ́n fòò kó tó rọ̀, ìyẹn sì ń kìlọ̀ fún alágbẹ̀dẹ. Alumíníọ̀mù gidi ń yọ́ ní 660 ìwọ̀n Celsius, ojú ọ̀sán kò sì ní fi àmì kankan hàn ọ́. Ọ̀ràn yìí kan àwa tí kòtò ń tẹ ríìmù wa. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Èkó àti Ìbàdàn, wọ́n ń fi iná gáàsì àti òòlù na ríìmù tó tẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ṣe ríìmù ti fi ooru sọ ọ́ di líle: wọ́n mú un gbóná dé nǹkan bí 540, wọ́n rì í bọ omi, wọ́n sì tún dá a padà sínú ooru tó mọ níwọ̀n. Iná àìwọ̀n lè ba iṣẹ́ yẹn jẹ́, kí ríìmù rọ̀, tàbí kó là lórí eré. Ìdí rẹ̀ náà nìyẹn tí ẹni tó ń lo ọ̀dà lẹ́búlẹ́bú kò fi gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ooru ààrò rẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ iná sí ríìmù tí táyà wà lára rẹ̀: táyà lè bú gbàmù, ó sì ti pa ènìyàn rí.

Ṣé o mọ̀ pé kúróòmù tó ń dán lára ríìmù fẹ́lẹ́ ju irun orí rẹ lọ ní ìlọ́po púpọ̀? Níkẹ́ẹ̀lì tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìdáàbòbò. Louis-Nicolas Vauquelin, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló ṣàwárí kúróòmù ní 1797. Kúróòmù yìí náà ló ń fún òkúta rubi ní pupa rẹ̀ àti emeraldi ní àwọ̀ ewé rẹ̀. Àmọ́ irú kúróòmù tó sábà máa ń wà nínú omi tí wọ́n ti ń rì ríìmù ń fa jẹjẹrẹ. Iṣẹ́ ẹ̀yìnkùlé kọ́ ni rárá.

Ṣé o mọ̀ pé ohun ìká irun jẹ́rì kọ́ọ̀lù àti ọṣẹ ríìmù kan jọ ní èròjà kan náà? Ekuru irin ń bọ́ lára bíréèkì, ó ń lẹ̀ mọ́ ríìmù, iwájú sì sábà máa ń dúdú ju ẹ̀yìn lọ torí bíréèkì iwájú ló ń ṣiṣẹ́ jù. Àwọn ọṣẹ kan ní thioglycolate nínú, èyí tí wọ́n fi ń ká irun ní ṣọ́ọ̀bù. Bó bá ti kan ekuru irin, yóò di àwọ̀ àlùkò, á sì máa ṣàn wálẹ̀ lójú rẹ. Òórùn rẹ̀ náà ni òórùn ilé onídìrí ayé ọjọ́un.

Ṣé o mọ̀ pé àwọ̀ ríìmù lè di àmì ìdánimọ̀? Bí ẹni tó fẹ́ràn eré ìje bá rí Subaru aláwọ̀ búlúù pẹ̀lú ríìmù aláwọ̀ wúrà, Colin McRae ló ń rántí, ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé rally ní 1995. Ẹni tí kò bá sì fẹ́ dá àwọ̀ kan mọ́ra títí lè lo ọ̀dà rọ́bà tó ṣeé bó bí ó bá sú u. Kó ṣáà má jẹ́ kí bẹntiróòlù kàn án.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀dà lè mú ẹsẹ̀ ọkọ̀ yọ? Ojú ihò tí nọ́ọ̀tì ń jókòó sí àti ẹ̀yìn ríìmù tó ń dì mọ́ họ́ọ̀bù kò gbọ́dọ̀ ní ọ̀dà tó nípọn. Ọ̀dà á tẹ̀ lábẹ́ nọ́ọ̀tì, nọ́ọ̀tì á sì dẹ̀. Fi téèpù bo ibẹ̀ kí o tó fín, kí o sì tún nọ́ọ̀tì dì lẹ́yìn tí o bá ti wa ọkọ̀ náà díẹ̀.

Igi gànńgàn má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ríìmù tó bá ti là, má kùn ún. Ọ̀dà á bo ojú ibi tó là, kò ní dì í. Kúkú gbé e fún àwọn tó ń yọ́ alumíníọ̀mù, torí agbára tí àtúndà rẹ̀ ń gbà kò ju nǹkan bí 5 nínú 100 èyí tí a fi ń ṣe tuntun lọ. Kílíà tí a ń po mọ́ hádínà lè dá ikọ́ fée sílẹ̀ fún ẹni tó ń fín in, nítorí náà aṣọ tí a so mọ́ imú kò tó. Ra ìbomú gidi, kí o sì ṣiṣẹ́ níbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Bí péńtà ni o fẹ́ gbé e fún, bi í léèrè bí yóò ṣe fọ̀ ọ́, bí yóò ṣe ha á, àti púráímà tí yóò lò, kí ẹ tó jọ sọ̀rọ̀ àwọ̀. Ẹni tó bá lè dáhùn àwọn ìbéèrè yẹn ni kí o san owó fún.