Bí Iná Ìléru Ṣe Kú ní Ilẹ̀ Ọ̀yọ́, Tí Ti Àgbẹ̀dẹ Ò Kú

Ọkọ́ tí àgbẹ̀ ń rà ní ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, sípíríǹgì mọ́tò ló jẹ́ kó tó di ọkọ́. Àdá tí wọ́n fi ń ṣán oko lẹ́yìn ìlú Ògbómọ̀ṣọ́, bóyá abẹ́ tírélà kan tó bàjẹ́ sójú ọ̀nà Ìlọrin ló ti wá. Àwọn tó ń ti ọmọlanke kiri àdúgbò, tí wọ́n ń ra irin kọ́ńdẹ́ẹ̀mù, ló ń kó o wá fún àgbẹ̀dẹ. Àgbẹ̀dẹ á gé e, á kì í bọnú eédú, á lù ú, ó di ohun èlò. Bí gbogbo àwa tí a dàgbà ní agbègbè yìí ṣe mọ iṣẹ́ náà nìyẹn, débi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bó ṣe wà láti ọjọ́ aláyé ti dáyé nìyẹn.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí ọgọ́fà ọdún sẹ́yìn, irin ṣì ń jáde láti inú òkúta ilẹ̀ Yorùbá nítòsí Ọ̀yọ́. Àwọn kan wà tí kì í lu irin rárá. Yíyọ́ ni tiwọn. Àwọn ló ń wa òkúta, tí wọ́n ń sun ún nínú ìléru, tí wọ́n ń ta irin tútù fún àgbẹ̀dẹ. Iná tiwọn ti kú pátápátá, ti àgbẹ̀dẹ ló ṣẹ́ kù. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa mọ bí iná náà ṣe jó, kí wọ́n mọ ohun tó pa á, mo sì fẹ́ ká tún un dá.

Ní 1904, òyìnbó kan tó ń jẹ́ C. V. Bellamy, tó jẹ́ ọ̀gá nídìí iṣẹ́ òde ìjọba ní Èkó, kọ àkọsílẹ̀ gígùn kan sínú ìwé ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ irin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti dé abúlé kan tí kò jìnnà sí Ọ̀yọ́, tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bíi Ola-Igbi, ó sì bá abúlé tí iṣẹ́ irin gbà lọ́wọ́ tọmọdé tàgbà. Ẹlòmíràn á ya ẹnu sílẹ̀, á kọjá lọ. Onímọ̀ ẹ̀rọ ni Bellamy: ó wọn ìléru, ó kọ bí wọ́n ṣe ń dẹrù sí i, ó sì kó nínú òkúta, ìdàrọ́ (pàǹtírí tó ń yọ́ kúrò lára òkúta) àti irin wọn lọ fún onímọ̀ kan tó ń jẹ́ F. W. Harbord kó lè yẹ ohun tó wà nínú wọn wò. Àkọsílẹ̀ àwọn méjèèjì wà títí dòní. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, nítorí pé láàárín ọdún díẹ̀ sí ìgbà náà ni ọwọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á wa òkúta irin, wọ́n á gún un, wọ́n á fi omi ṣàn án títí iyanrìn tí kò wúlò á fi bá omi lọ. Ìléru fúnra rẹ̀, amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, abẹ́ òrùlé ló sì wà, kí òjò má bàa pa á. Ẹni tó bá mọ àgbẹ̀dẹ á kọ́kọ́ wá ẹwìrì níbẹ̀, kò ní rí i. Ìléru Ola-Igbi kò lo ẹwìrì.

Kí ló wá ń fẹ́ iná? Fèrè amọ̀ ni wọ́n tò yí ẹsẹ̀ ìléru ká. Bí eédú inú rẹ̀ bá ti gbóná, afẹ́fẹ́ gbígbóná á máa gba òkè jáde, bí èéfín ilé ìdáná ṣe ń wá ọ̀nà àjà, yóò sì máa fa afẹ́fẹ́ tútù wọlé láti ẹnu àwọn fèrè ìsàlẹ̀. Bí iná bá ṣe ń le sí i ni yóò máa fà sí i. Iná náà ń fẹ́ ara rẹ̀. Àwọn tí kò rí ìwé kà ló fi ojú, ọwọ́ àti sùúrù wá èyí rí, láti ìran dé ìran, tí wọ́n mọ iye fèrè tó yẹ àti bí ògiri ìléru ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó kí ooru má bàa sá.

Iṣẹ́ tó wá kù fún ọmọ ènìyàn ni bíbọ́ iná. Wọ́n á máa da eédú àti òkúta irin sí i láti òkè, díẹ̀díẹ̀, níwọ̀n-níwọ̀n, wọ́n á sì máa ṣí ihò ìsàlẹ̀ kí ìdàrọ́ lè ṣàn jáde. Iṣẹ́ àṣemọ́jú ni, ẹni tó ń bọ́ iná yìí kò gbọdọ̀ tòògbé. Bí eédú bá pọ̀ jù tí ooru sì ga jù, irin á fa eédú sára kọjá bó ṣe yẹ, á sì máa fọ́ lábẹ́ òòlù. Bí òkúta bá pọ̀ jù, iná á tutù, òógùn gbogbo wọn á di ìdàrọ́ lásán. Bellamy tún ṣàkíyèsí pé wọ́n ń dá lára ìdàrọ́ àtijọ́ padà sínú ìléru, kó lè bá òkúta tuntun yọ́ kíá. Ohun tí ẹlòmíràn ì bá kó dà sí ààtàn ni wọ́n fi ń ṣe àmúlùmálà bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú amọ̀ yẹn, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í mú. Òkúta irin kì í ṣe irin. Irin àti ọ́síjìn ló so mọ́ra wọn nínú rẹ̀, bó ṣe rí nínú ìpẹtà. Bí eédú bá ń jó níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti pọ̀, gáàsì tó ń ti ara rẹ̀ jáde máa ń já ọ́síjìn gbà mọ́ irin lọ́wọ́. Irin kò sì nílò kó yọ́ dà bí omi, nítorí pé kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ooru gbọ́dọ̀ tó 1,538 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ní nǹkan bí 1,200 péré, ìdàrọ́ ti ń ṣàn bí oyin, irin á sì máa lẹ̀ mọ́ra ní ìsàlẹ̀, á di ìṣù kan tó rí págunpàgun, tó kún fún ihò. Ìṣù yìí ni wọ́n ń wọ́ jáde tí iná bá parí. Àgbẹ̀dẹ tó bá rà á á tún kì í bọná, á lù ú ní àlùtúnlù kí ìdàrọ́ tó há sínú rẹ̀ lè ta jáde, kó tó wá ronú kan ọkọ́ tàbí ọfà.

Ola-Igbi nìkan kọ́ ló ń ṣe é. Ní Ìsundúnrin lẹ́bàá Èjìgbò, tí kò jìnnà sí Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn awalẹ̀pìtàn ti bá òkìtì ìdàrọ́ àti àlàpà ìléru. Ní Mọ̀dákẹ́kẹ́, ìlú tí àwọn ará Ọ̀yọ́ tí ogun lé kúrò nílé tẹ̀ dó, Akin Ìgè ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Thilo Rehren kọ ìwé jáde ní 2003 tó fi hàn pé oríṣi nǹkan méjì ni àwọn ayọ́rin ibẹ̀ ń pò pọ̀: òkúta irin, àti iyanrìn dúdú tí titanium pọ̀ nínú rẹ̀. Iyanrìn dúdú yẹn kan náà ni òjò máa ń wọ́ jọ sí ẹsẹ̀ ọ̀nà. Mo ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láti kékeré láìmọ̀ pé ẹnì kan ti sọ ọ́ di irin rí.

Ìmọ̀ yìí bá àwọn ènìyàn rìn. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé, olú ìlú àtijọ́, tú ní àárín ọdún 1830 sí 1840, tí Aláàfin Àtìbà kó àwọn ènìyàn wá sí Àgọ́ Ọjà tó di Ọ̀yọ́ òní, tí àwọn ìlú kéékèèké sì ń sá wọ Ògbómọ̀ṣọ́ nítorí ogun, kò sí ìlú tó lè dúró láìní irin. Àgbẹ̀ fẹ́ ọkọ́, ọmọ ogun fẹ́ idà àti ọ̀kọ̀, ọdẹ fẹ́ ọfà. Ọwọ́ ayọ́rin àti àgbẹ̀dẹ ni gbogbo wọn ń wò.

Ohun tó wá pa ìléru kò fi ariwo wá. Irin òyìnbó ti ń gba etí òkun wọlé láti ọdún pípẹ́, ṣùgbọ́n ẹrù wúwo ni, orí ènìyàn ló sì ń gbé e dé òkè. Ní 1901, ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti Èkó dé Ìbàdàn. Ó dé Òṣogbo ní 1907, ó gba Ọ̀fà lọ sí Ìlọrin ní 1908, ó sì yẹ Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá rò pé èyí gba ìléru là kò ì tíì gbọ́ ti títì. Ní 1906 ni wọ́n la ọ̀nà mọ́tò láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, ara àwọn ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Ojú ọ̀nà yẹn ni irin olówó pọ́ọ́kú gbà wọlé, lẹ́yìn rẹ̀ ni mọ́tò fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú sójú títì.

Sípíríǹgì mọ́tò, irin gidi ni. Ó ti le, ó ti mọ́, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ojú ọkọ́. Ta ló máa gún òkúta, tí yóò sun igi di eédú, tí yóò ṣọ́ iná mọ́jú, nítorí ìṣù tó ṣì ku lílù, nígbà tí èyí wà nílẹ̀? Mi ò dá àgbẹ̀dẹ kankan lẹ́bi. Eédú tí ìléru ń jẹ tún pọ̀ ju irin tó ń pọ̀ jáde lọ fíìfíì. Ohun tó dùn mí ni pé nígbà tí ọjà lé ìléru lọ, kò sẹ́ni tó rò pé ó yẹ kí á fi ọ̀kan ṣoṣo sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́.

Ẹ wo àgbẹ̀dẹ òní kí ẹ tó sọ pé ọgbọ́n ti tán. Eédú igi àyìn ni ọ̀pọ̀ wọn ń fẹ́, nítorí pé ó le, ó sì ń pẹ́ níná. Ẹwìrì aláwọ ti di ohun àwòpadà níbi púpọ̀. Fáànù kékeré tí wọ́n so mọ́ táyà kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń fọwọ́ yí. Ọmọdé kan lè jókòó máa yí i, tí ojú rẹ̀ á wà lára ọ̀gá. Ọ̀gá kì í sọ pé kó fẹ́ ẹ tàbí kó dáwọ́ dúró. Bó bá ṣe fi ẹ̀mú yí irin nínú iná ni ọmọ náà fi ń mọ̀. Àwọ̀ irin ló ń bá wọn sọ̀rọ̀. Tó bá pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, kò ì tíì tó lù. Tó bá ti sún mọ́ àwọ̀ ọsàn pípọ́n, òòlù á sọ̀ kalẹ̀ kíákíá, nítorí pé ìgbà díẹ̀ ni irin fi ń gbà fúnni. Tí ọkọ́ bá ti yọrí, wọ́n á tún etí rẹ̀ kì bọná, wọ́n á rì í sómi, ó pariwo ṣàà, etí náà á sì le. Àwọn tó mọ èyí kò jìnnà sí ẹni tó lè tọ́jú ìléru. Ohun tí wọn kò tíì rí rí kò ju bí òkúta ṣe ń di irin lọ.

Àwọn ibòmíràn ti gba ìléru tiwọn lọ́wọ́ ìgbàgbé. Ní Banjeli ní ilẹ̀ Tógò, níbi tí iná ìléru ti kú tipẹ́, àwọn àgbà ibẹ̀ tún iná náà dá ní 1985 níwájú òpìtàn Candice Goucher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ya fíìmù rẹ̀, tó jáde ní 1986. Ní 2019, UNESCO fi àwọn ibi ìyọ́rin àtijọ́ ní Burkina Faso sára àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Àwọn ìléru kan ṣì wà lóòró níbẹ̀, irú èyí tí kò lo ẹwìrì gẹ́gẹ́ bíi ti Ola-Igbi.

Tiwa kò nira jù bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n Bellamy wà nílẹ̀. Àlàyé ọmọ Yorùbá náà wà: ní 1977, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa Áfíríkà ní Yunifásítì Ìbàdàn tẹ ìwé David Adéníjì jáde lórí wíwa irin àti yíyọ́ irin ní ilẹ̀ Yorùbá, tí Robert Armstrong bá a túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Yunifásítì LAUTECH wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti 1990, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ọ́fíìsì àgbà ọgbà ìjọba ti Ọ̀yọ́ Ilé wà nínú ìlú Ọ̀yọ́ gan-an. Kí LAUTECH mú àwọn ọmọ tó lè wọn ooru wá, kí Ọ̀yọ́ mú àgbẹ̀dẹ àti amọ̀kòkò wá, nítorí pé ẹni tó mọ amọ̀ tí iná kò ní là ni yóò mọ fèrè àti ògiri ìléru.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló yẹ kí wọ́n mọ ìléru náà, kí amọ̀ lè gbẹ dáadáa. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún tó kí wọ́n dáná sí i, nítorí pé igi Òkè-Ògùn tí ń bẹ lábẹ́ àáké àwọn asuneédú báyìí ti pọ̀ jù, a kò gbọdọ̀ fi kún un. Ìṣù irin tí wọ́n bá wọ́ jáde, kí wọ́n gé bíńtín nínú rẹ̀ fún àyẹ̀wò, kí a lè fi wé ohun tí Harbord rí nínú irin Ola-Igbi. Kí wọ́n gbé ìyókù fún àgbẹ̀dẹ kan ní Ọ̀yọ́ kó fi rọ ọkọ́, kí àgbẹ̀ sì fi kọ ebè ní oko ọdún náà.