Kọfí yíyan nílé: ohun tí iná ń ṣe nínú hóró, àti bí iná Ṣàngó-Ọ̀tà ṣe lè bà á jẹ́

Bí ilẹ̀ bá mọ́, tí àwọn òṣìṣẹ́ òru ń jáde láti àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó wà ní Ọ̀tà, kọfí kì í wọ́n ní ìdíkọ̀ Ṣàngó. Sáṣẹ́ẹ̀tì ni. Wọ́n á fa ẹnu rẹ̀ ya, wọ́n á dà á sínú kọ́ọ̀pù, wọ́n á bu omi gbígbóná lé e. Ṣúgà àti ìyẹ̀fun tó dà bíi mílíìkì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìwọ̀nba kọfí tó wà níbẹ̀, ẹlòmíì ló ti yan án, tó sè é, tó sì fa omi rẹ̀ gbẹ kó tó dé ọwọ́ ẹni tó ń mu ún.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ilẹ̀ wa ń hu kọfí. Èyí tí wọ́n ń pè ní robusta wà lóko àwọn Yorùbá Òkun ní Kábbà àti Ìyámoyè ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ó sì wà láwọn apá kan Oǹdó àti Èkìtì pẹ̀lú. Arabica, tó fẹ́ràn ibi gíga tó tutù, wà ní òkè Mambilla ní Taraba. Iléeṣẹ́ ìwádìí CRIN tó wà ní Ìdí-Ayunrẹ́ lẹ́bàá Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964, ní kọfí lára ohun ọ̀gbìn márùn-ún tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀: kòkó, obì, kọfí, kajú àti tíì. A mọ kọfí gbìn. Yíyan rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ò tíì mọ̀, nídìí yíyan yìí gan-an sì ni hóró ti ń di ohun tí ayé ń fi owó ńlá rà.

Ẹ̀rọ kékeré tí ènìyàn lè gbé ka orí tábìlì ìdáná ti wà báyìí fún iṣẹ́ náà. Òmíì ń yan nǹkan bí 100 gíráàmù lẹ́ẹ̀kan, òmíì ń gba ìdajì kílò. Mo gbà pé ilé kan ní Ọ̀tà lè fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ yan kọfí tó dára ju ti inú agolo lọ, bí ẹni tó ń lò ó bá mọ ohun tí iná ń ṣe nínú hóró.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú hóró?

Hóró kọfí tí a kò tíì yan le koránkorán, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé tó ti ń gbẹ, òórùn koríko ló sì ń rùn. Ẹni tó bá lọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ tó sè é kò ní rí ohunkóhun tó jọ kọfí. Omi tó wà nínú rẹ̀ máa ń tó ìdá 10 sí 12 nínú ọgọ́rùn-ún. Omi yìí ni iná kọ́kọ́ ń bá jà. Ní ìṣẹ́jú mélòó kan àkọ́kọ́, hóró kò ṣe nǹkan mìíràn ju pé ó ń gbẹ lọ, àwọ̀ ewé ara rẹ̀ á máa ṣí, á sì di aláwọ̀ ìyeyè nígbà tí ìgbóná bá dé nǹkan bíi 150 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Òórùn rẹ̀ nígbà yìí dà bíi ti búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jinná.

Láti ibẹ̀ ni iṣẹ́ tó jinlẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ṣúgà inú hóró àti èròjà purotéènì rẹ̀ á máa bá ara wọn lò nínú ooru, wọ́n á bí àwọ̀ pupa-dúdú, wọ́n á sì bí òórùn tuntun tí kò sí nínú hóró tẹ́lẹ̀. Louis Camille Maillard, onímọ̀ kẹ́mísírì ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló kọ́kọ́ ṣàlàyé ìbálò yìí ní 1912, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é títí di òní. Òun náà ló ń mú kí ara búrẹ́dì pupa, òun ló ń fún súyà ní òórùn tó ń fa ènìyàn láti ìkóríta. Nínú kọfí tó ti yan, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ka èròjà olóòórùn tó lé ní 800.

Bí ìgbóná hóró bá sún mọ́ 196, ẹ ó gbọ́ ọ tó ń dún: pá, pá, pá. Omi tó ti di ooru àti gáàsì carbon dioxide tó ti kóra jọ nínú hóró ló ń fọ́ ọ láti inú. Hóró á wú, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì bó ṣe rí tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìwúwo rẹ̀ á sì dín kù. Ẹni tó bá da kílò kan sí ẹ̀rọ, nǹkan bíi 850 gíráàmù ni yóò kó jáde bó bá yan án níwọ̀nba. Láti ìgbà tí ìdún àkọ́kọ́ yìí bá ti bẹ̀rẹ̀, kọfí ti ṣeé mu. Ẹni tó fẹ́ kó kan díẹ̀ bí èso lẹ́nu á dá a dúró láìpẹ́ sí i. Ẹni tó fẹ́ kó wúwo lẹ́nu, kó sì korò díẹ̀, á dúró pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní nǹkan bíi 224, ìdún kejì á dé. Èyí kéré létí ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì máa ń yá kánkán. Òróró á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ sí ara hóró. Ẹni tó bá kọjá ibẹ̀ ń lọ sọ́nà eédú, iná sì lè ràn nínú ẹ̀rọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí kọfí bá ṣe dúdú tó ni agbára rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kaféènì, èròjà tó ń lé oorun lọ, kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà bí a bá ń yan hóró. Irú kọfí ló ń pinnu rẹ̀: robusta ti Kábbà ní kaféènì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti arabica. Ẹni tó ń wá ohun tí yóò fi ṣọ́ òru kò ní láti jó hóró di dúdú.

Ohun tó ṣòro jù nínú gbogbo rẹ̀ ni kí ooru kárí. Gbogbo wa la ti rí ìyá ẹlẹ́pà tó ń da ẹ̀pà pọ̀ mọ́ yanrìn gbígbóná, tí kì í dá ọwọ́ dúró. Yanrìn ń pín ooru kárí, ọwọ́ rẹ̀ sì ń rí i pé kò sí ẹ̀pà kan tó pẹ́ jù nísàlẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni ẹ̀rọ kọfí ń ṣe. Oríṣi kan ní ìlù irin tó ń yí, tó ń gbé hóró sókè tó ń dà á sílẹ̀. Oríṣi kejì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná láti ìsàlẹ̀, hóró á sì máa jó nínú afẹ́fẹ́ náà. Ti afẹ́fẹ́ yára, ìṣẹ́jú mẹ́fà sí mẹ́wàá ti tó fún un. Ti ìlù lè gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Iná wa ńkọ́?

Àwọn tó ń kọ ìwé ìlò ẹ̀rọ wọ̀nyí ń gbé níbi tí iná kì í ti gòkè sọ̀kalẹ̀. Ẹni tó ń gbé Ṣàngó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tiwa yàtọ̀, nítorí bí ilé púpọ̀ bá ń fa iná lórí transformer kan ṣoṣo, fólítì tó ń wọlé á máa já.

Ká ní ẹ̀rọ kan jẹ́ 1,500 wáàtì lórí fólítì 230, tí iná ilé wá já sí 180. Ènìyàn lè rò pé nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún agbára rẹ̀ ló dín kù. Ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí bí fólítì bá dín kù ní ìdajì, ìdá kan péré nínú mẹ́rin ooru ni yóò kù. Ẹ pín 180 sí 230, kí ẹ fi èsì náà ṣe ìlọ́po ara rẹ̀, nǹkan bí ìdá 61 nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹ ó rí. Ẹ̀rọ 1,500 wáàtì ti di nǹkan bíi 920. Hóró á máa gbẹ díẹ̀díẹ̀ lórí iná, á pupa, ṣùgbọ́n ó lè má dún rárá. Ẹni tó bá sè é á rí kọfí tí kò ní adùn, tó ń dà bí igi gbígbẹ lẹ́nu, á sì máa dá àgbẹ̀ tó gbìn ín lẹ́bi.

Nítorí náà, kí ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ yìí kọ́kọ́ fi mítà wo fólítì ilé rẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, kó sì mọ wákàtí tí iná máa ń dúró déédéé. Sítábíláísà tó bá lè gbé ju 2 kVA lọ yóò ràn án lọ́wọ́. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní I-better-pass-my-neighbour kò lè gbé ẹ̀rọ 1,500 wáàtì. Ẹ sì ṣọ́ra fún ẹ̀rọ tí ìbátan bá fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, nítorí fólítì 120 ni tiwọn. Bí ẹ bá kì í bọ iná wa láìsí transformer tó ń rẹ fólítì sílẹ̀, yóò fa agbára tó lé ní ìlọ́po mẹ́ta èyí tí wọ́n ṣe é fún, á sì jó.

Owó iná rẹ̀ kò wúwo. Nígbà tí owó iná Band A gòkè sí ₦225 fún wákàtí kílówáàtì kan ní April 2024, ẹ̀rọ 1,500 wáàtì tó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò jẹ tó ₦100.

Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ kò pàdánù. Ní Ethiopia, níbi tí igi kọfí arabica ti ṣẹ̀ wá, àwọn obìnrin ṣì ń yan hóró nínú páànù lójú àlejò, wọ́n á gbé èéfín rẹ̀ káàkiri kí oníkálukú gbóòórùn rẹ̀, kí wọ́n tó gún un. Ní Senegal, kọfí Touba ti àwọn Mùsùlùmí Mouride, ọmọlẹ́yìn Sheikh Amadou Bamba, máa ń ní ẹ̀ẹ̀rù nínú, ẹ̀ẹ̀rù kan náà tí àwọn ìyá wa ń fi sí àgbo àti ọbẹ̀. Wọ́n á yan án pọ̀ mọ́ hóró, wọ́n á lọ̀ ọ́. Inú mi dùn sí èyí gidigidi, torí kò sí ohun tó ní kí a máa mu kọfí bí àwọn ará Ítálì ṣe ń mu ún. Agbada irin, iná gáàsì tó ṣe déédéé, ọmọrogùn àti ọwọ́ tí kì í dúró: ó ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Èéfín, ìyàngbò àti òjò

Bí hóró bá ń yan, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan á ṣí kúrò lára rẹ̀. Ìyàngbò yìí fúyẹ́, ó sì tètè ń gbiná. Kí ẹ máa gbọ̀n ọ́n kúrò nínú ẹ̀rọ lẹ́yìn ìlò kọ̀ọ̀kan. Bí iná bá ràn nínú rẹ̀, ẹ yọ ẹ̀rọ kúrò lára iná mànàmáná, ẹ má ṣí i, torí afẹ́fẹ́ ni iná ń wá. Èéfín kọfí pọ̀, gáàsì carbon monoxide sì wà lára ohun tó ń jáde. Ẹni tó ń gbé ilé oníyàrá púpọ̀, tí ojú kọjú síra, kò gbọdọ̀ yan kọfí nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ pa dé.

Bí hóró bá ti dé ibi tí ẹ fẹ́, ẹ jẹ́ kó tutù láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ dà á sínú asẹ́ irin, ẹ fi fáànù sí i. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ooru inú rẹ̀ á máa yan án lọ. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ kan ó kéré tán kí gáàsì inú rẹ̀ jáde. Ìdí nìyí tí ọ̀rá kọfí olówó ńlá fi máa ń ní ihò kékeré tó ń jẹ́ kí gáàsì jáde láìjẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé.

Hóró tútù lè pẹ́ tó ọdún kan níbi gbígbẹ. Èyí tó ti yan kò yẹ kó ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ. Ọ̀rìnrìn ni ọ̀tá rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Láàárín oṣù Okúdù sí Ọ̀wàrà, hóró tí a fi sílẹ̀ nínú àpò lásán ní Ọ̀tà lè bu, ohun tó ń hù sí i lára sì lè tu májèlé tí wọ́n ń pè ní ochratoxin. Iná yíyan ń dín in kù, kì í pa á tán. Hóró tó bá ti bu, ẹ dà á nù.

Ní ti àrùn jẹjẹrẹ tí àwọn kan ń bẹ̀rù: ní 2002, àwọn onímọ̀ ní Sweden rí i pé èròjà acrylamide máa ń wà nínú oúnjẹ tí iná líle bá kàn, kọfí wà lára wọn. Nínú kọfí, ìbẹ̀rẹ̀ yíyan ló ti máa ń pọ̀ jù, a sì máa dín kù bí yíyan bá ń lọ. Àjọ IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń wádìí jẹjẹrẹ, tún ọ̀rọ̀ kọfí yẹ̀ wò ní 2016, wọ́n ní ẹ̀rí kò tó láti sọ pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Ohun tí wọ́n kìlọ̀ nípa rẹ̀ ni ohun mímu tó gbóná ju 65 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ, ohun yòówù kó jẹ́.

Ta ló ń jèrè?

Kọfí kì í ṣe àlejò ládùúgbò yìí. Ní 1887, ìjọba amúnisìn dá ọgbà ohun ọ̀gbìn sílẹ̀ ní Ẹ̀bùté-Mẹ́ta, wọ́n sì ń pín irúgbìn kòkó àti kọfí fún àgbẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ńlá Agége, tí kò jìnnà sí Ọ̀tà, gbin méjèèjì. Nígbà tí kọfí Brazil kún ọjà àgbáyé lópin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, owó rẹ̀ já, kòkó sì gba ilẹ̀.

Ní 2024, ọ̀dá ní Vietnam àti Brazil gbé owó kọfí sókè. Robusta kọjá 5,000 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan ní 2024. Arabica kọjá dọ́là mẹ́rin fún pọ́n-ùn kan ní February 2025. Àgbẹ̀ tó ń ta hóró tútù ń rí díẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó yan án, tó dì í sínú ọ̀rá, tó sì kọ orúkọ sí i ló ń rí èyí tó jọjú. Agbègbè tó kún fún ilé-iṣẹ́ bíi Ọ̀tà àti Àgbárá, tí ọ̀nà rẹ̀ já sí Èkó àti Ìdí-Ìròkò, yẹ fún iṣẹ́ yìí.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀, ẹ fi hóró díẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa kọ ìgbóná, ìṣẹ́jú àti fólítì sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá yan. Ẹ bèèrè hóró Kábbà àti ti Mambilla kí ẹ tó wá ti òkè òkun. Bí ẹ bá sì fẹ́ tà á fún aráàlú, ẹ gba nọ́ńbà lọ́wọ́ NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, kí ẹ tó gbé ọ̀rá àkọ́kọ́ jáde.